Ẹ Má Sọ Pé Mò Ń Sùn

Oorun ni èmi àti ọkọ mi fi ń jẹun. Láolú ń kan bẹ́ẹ̀dì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà Ekenwan, èmi ń ta fóòmù, ìrọ̀rí àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní Aduwawa, ní òdìkejì ìlú. Bí ẹnì kan bá ń sùn dáadáa ní Benin lọ́dún 2007 tí mò ń sọ yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti ra ibi tó sùn sí. Ṣùgbọ́n ọkọ mi fúnra rẹ̀ kì í sùn. Ẹ gbọ́ mi yé o, mi ò sọ pé kì í rí oorun sùn. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí oorun sá fún, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé oorun jáde nílé.

Iná NẸ́PÀ wà lára ohun tó fà á. Lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, iná kì í dé lọ́sàn-án. Ó di ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ti sùn kó tó yọjú, bó bá sì ti tàn báyìí, ọkọ mi á fò dìde, á ki ẹsẹ̀ bọ ṣòkòtò, ó di ṣọ́ọ̀bù, torí máṣíìnì tó fi ń la pákó kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná. Jẹnẹrétọ̀ tó ní ti bàjẹ́ tipẹ́, adìyẹ aládùúgbò ló ń yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á wẹ̀, á tún padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni tó sùn mọ́jú.

Èyí tó kù, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti wá. Ògúnwálé ni orúkọ wọn, àmọ́ Bọ̀dá Ọ̀wọ̀ ni àwa ìyàwó ilé ń pè wọ́n, torí Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń gbé. Àwọn ni wọ́n tọ́ Láolú dàgbà, àwọn náà ni wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà. Lójú Bọ̀dá Ọ̀wọ̀, àìsàn méjì péré ló wà láyé, ibà àti ọ̀lẹ. Ẹni tó bá ń sùn lọ́sàn-án tí ara rẹ̀ kò gbóná, wọ́n ti mọ èyí tó ń ṣe é nínú méjèèjì. Ọkọ mi ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ bí fóònù Bọ̀dá bá bá a níbi tó ti ń tòògbé lórí àga, á kọ́kọ́ wúkọ́ dáadáa kó tó gbé e, kí ohùn rẹ̀ má baà tú u fó.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Sójà kan láti bárékè tó wà nítòsí wa, ọkùnrin gíga gbọ̀ngbọ̀nràn, ní kó kan bẹ́ẹ̀dì fún òun. Láolú wọn ọkùnrin yìí látorí dé ẹsẹ̀, ó wá lọ kan bẹ́ẹ̀dì ọmọdé fún un. Sójà náà dùbúlẹ̀ lé e lórí níbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, lójú èmi tí mo gbé fóòmù wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta láti orúnkún, ó ń wo òkè àjà. Ó ní, "Oga Carpenter, abi you want make I cut the leg?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Láolú náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Ó tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sínú fíríìjì, ó sì ń bá mi jà pé mo gbé e. Ó fi orúkọ àǹtí mi tó ti kú pe Dámisí, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Lọ́jọ́ Sunday kan, wọ́n ní kó darí Àdúrà Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ibi oúnjẹ òòjọ́, ó dúró. Gbogbo ìjọ dúró dè é. Àwọn ọmọdé ló bá wa parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, apá ẹ̀wù rẹ̀ ti ya láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Máṣíìnì ló gbá a mú. Díẹ̀ ló kù kó mú ọwọ́ fúnra rẹ̀.

Ó jókòó sí kíṣínnì, ó ní, "Bùkọ́lá, ọpọlọ mi ti ń lọ."

Mo ní, "Ọpọlọ ń lọ síbo?"

Ó ní, "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá wa nìyẹn. Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé."

Bàbá wọn ní Ọ̀wọ̀ kú láìmọ ọmọ kankan mọ́ nínú àwọn ọmọ tó bí. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ̀ pé ohun tí ọkọ mi ti ń gbé sínú láti bí oṣù mélòó kan nìyẹn, tó fi ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á, mo ní ṣé ó fẹ́ kí n máa fi ṣíbí bu oúnjẹ sí òun lẹ́nu nígbà tí ọwọ́ bá gé tán ni. Ẹ̀rù ló bà mí, àmọ́ bí tèmi ṣe rí nìyẹn, bí ẹ̀rù bá wọlé sí mi lára, ariwo ló máa ń bá jáde.

Ọjọ́ kejì ni mo mú un lọ sí ọsibítù. Ọmọbìnrin kékeré kan ni dókítà tó rí wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ti ń ru. Ó bi í ní oríṣiríṣi ìbéèrè, ó ní kó ka nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá, kó ya aago sórí bébà, láti fi mọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó wá ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń sùn sí?"

Ọkọ mi na àyà sókè. "Èmi? Mi kì í sùn púpọ̀."

Dókítà ní, "Ẹ̀ ń fi yangàn, sà."

Inú mi dùn sí ọmọ náà láti ìgbà yẹn. Ó ṣàlàyé fún wa pé ìgbà tí èèyàn bá sùn ni ọpọlọ ń rí àyè palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́. Ohun tó rí lójúmọ́, ohun tó gbọ́, ohun tó kọ́, ojú oorun ló ti ń tò wọ́n sí àyè wọn, ibẹ̀ náà ló ti ń gbá ìdọ̀tí rẹ̀ jáde. Bí èèyàn kò bá jẹ́ kó ráyè, àwọn nǹkan á kàn kún ilẹ̀ ni, ọwọ́ kò ní tó èyí tí èèyàn ń wá. Ẹ̀jẹ̀ náà kò ní rójú wálẹ̀. Ó ní, "Lójú tèmi, ọpọlọ yín ò tíì lọ síbì kankan, sà. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ sùn fún mi fún oṣù kan ná. Bí kò bá sí àyípadà, a máa yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sí i."

Ó ní kó má dìde lóru mọ́ nítorí iná, kó má fọwọ́ kan máṣíìnì títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, kó sì máa rẹjú díẹ̀ lọ́sàn-án Saturday tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọkọ mi ní, "Dókítà, ọkùnrin bíi tèmi kì í sùn lọ́sàn-án."

Dókítà ní, "Ọpọlọ ò mọ̀ pé ọkùnrin ló ni òun, sà."

Ti òru kò le jù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, èmi ni mò ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, inú ìrọ̀rí mi ni mò ń fi pamọ́ sí, ẹni tó bá sì fẹ́ mú un, á kọ́kọ́ gbé orí mi kúrò. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀. Kò ṣi Dámisí pè mọ́. Ó tún bẹ́ẹ̀dì sójà kàn, sójà sùn lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ. Ṣùgbọ́n ti ọ̀sán, bí ẹni ń jalè ló ń ṣe é. Á fa kọ́tìnì, á kó bàtà kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé òun wà nílé, á gbé fóònù fún Dámisí, á wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa tẹ́tí sí géètì. Oorun wo ló fẹ́ wá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Dámisí ń kàwé ní yunifásítì nígbà náà, Ekosodin ló gba yàrá sí, Saturday ló máa ń wálé wá gbé ọbẹ̀. Benin la bí i sí. Gbogbo Yorùbá tí a bá sọ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dá wa lóhùn, àfi Bọ̀dá Ọ̀wọ̀ nìkan ló ń gbìyànjú láti bá sọ Yorùbá, torí bí ọmọ bá sọ Òyìnbó sí wọn, wọn kì í dáhùn.

Ní Saturday kan, mo ti jáde lọ sí Aduwawa. Láolú jẹun ọ̀sán tán, ó gbé fóònù fún Dámisí. Ó ní, "Bí Bọ̀dá bá pè, má sọ pé mò ń sùn o."

"So wetin I go tell dem?"

"Sọ pé mò ń sinmi. Ìyẹn dáa lẹ́nu."

Bọ̀dá pè lóòótọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ nìyí, bí Dámisí ṣe ròyìn rẹ̀, tí Bọ̀dá náà sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ dà?"

Dámisí ronú, kó má baà ṣì í sọ. Ó ní, "Wọ́n ti sinmi, sà."

"Kí lo wí?"

"Dádì. Wọ́n ti lọ sinmi, sà."

Ohùn Bọ̀dá yí padà. "Nígbà wo?"

"Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, sà."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó rẹ̀ wọ́n ni, sà. Dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Mọ́mì wà lọ́jà. Wọn ò tíì mọ̀."

Dámisí ní òun gbọ́ tí nǹkan kan ṣubú lọ́dọ̀ Bọ̀dá, fóònù sì kú. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó padà sídìí dòdò tó ń dín.

A kì í túfọ̀ ọkọ fún ìyàwó lórí fóònù. Èèyàn là ń rán sí i, kí wọ́n lè dì í mú nígbà tó bá gbọ́. Nítorí náà Bọ̀dá kò pè mí. Akínwùmí ni wọ́n pè, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ní Benin, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n ní kó lọ dúró ti ìyàwó Láolú, pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n pa fóònù, wọ́n sì bọ́ sójú títì.

Akínwùmí kó àwọn èèyàn ẹgbẹ́ wá. Dámisí ṣí géètì fún wọn, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Obìnrin kan gbá a mọ́ra. Ó ní, "Thank you, ma." Wọ́n bi í pé ibo ni bàbá rẹ̀ wà. Ó ní, "He dey room. He say make nobody disturb am." Wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ ọmọ lọ́pọlọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ yàrá kí ìyàwó tó dé. Dámisí bá gbé àga fún wọn, ó sì bu dòdò fún wọn. Akínwùmí fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun jẹ dòdò yẹn pẹ̀lú omijé.

Bàtà ni mo kọ́kọ́ rí nígbà tí mo wọlé, bàtà tó kún ẹnu ọ̀nà. Mo kí wọn, wọ́n kí mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, Títíloyè, bọ́ sẹ́yìn mi, ó di ìbàdí mi mú. Obìnrin mìíràn rọra ṣí gèlè kúrò lórí mi. Èmi náà ti bá wọn ṣe é fún àwọn obìnrin kan rí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣí gèlè fún.

Mo ní, "Ṣé máṣíìnì ni?"

Akínwùmí ti ṣí fìlà tirẹ̀ náà. Ó ní, "Ẹ mọ́kàn le, Ìyá Dámisí. Inú yàrá ló wà."

Mi ò lè sọ bí mo ṣe já gbà lọ́wọ́ Títíloyè, obìnrin tó sanra jù mí lọ. Mo kàn rí i pé mo wà nínú yàrá. Kọ́tìnì wà ní fífà. Láolú nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí ikùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé, mo kọ́kọ́ wò wọ́n. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà. Àyà náà ga, ó rọlẹ̀, ó tún ga, ó wá hanrun kan tó mi fóòmù.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú mi dùn débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n gbá a létí. Mo ti gbé ọwọ́ sókè kí n jí i, mo wá rí ojú rẹ̀. Kò lejú, kò tẹ́tí sí géètì. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kó sùn fọnfọn bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀sán rí. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo jáde, mo pa ilẹ̀kùn dé.

Mo sọ fún wọn pé, "Ó ń sùn."

Títíloyè bú sẹ́kún. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, ó ń sùn. Oókan àyà Jésù ló wà."

Mo ní, "Oókan àyà Jésù kọ́, orí fóòmù mi ni. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń hanrun."

Wọ́n rò pé orí mi ti dà rú bíi ti ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ lé mi. Ní méjìméjì ni wọ́n ń yọ orí wọlé, tí wọ́n á gbọ́, tí wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu jáde. Akínwùmí dé fìlà rẹ̀ padà. A pe Dámisí.

Ó ní, "Mummy, wetin I do? I no say he die. I say he don rest."

Akínwùmí sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ẹni tó ń sinmi máa jí. Ẹni tó ti sinmi, sàréè là ń gbẹ́ fún un."

Ẹ̀rín yẹn, ìta la lọ rín in, kó má baà jí. Ẹnì kan ní ká tiẹ̀ jí i kó wá kí àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn, èmi àti onítọ̀hún ni. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. A pe fóònù Bọ̀dá títí, kò wọlé. Wọ́n ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ẹkún, wọ́n á sì bá àbúrò wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, lójú ọ̀sán gangan, tó ń hanrun. Mo mọ ọkọ mi. Gbólóhùn kan péré látẹnu Bọ̀dá lójú àwọn èèyàn, kò ní fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án mọ́ láé, á tún padà sí òru ṣíṣe, máṣíìnì yẹn á sì parí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí ọ̀kadà gbé wọn dé. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀ wá, ẹ̀rúnrún pákó ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n ti ṣi bọ́tìnnì dè. Mo kúnlẹ̀ ní géètì. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ó ń sùn ni o. Ọmọ ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Dókítà ló ní kó máa sùn."

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n wọ yàrá, mo sáré tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró lórí rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ jòjòló.

Fúnra rẹ̀ ló jí. Ó la ojú, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fò jókòó. Ojú rírán ìrọ̀rí ti tẹ̀ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá. Mi ò sùn o. Mo kàn ní kí n na ẹ̀yìn díẹ̀ ni."

Bọ̀dá ní, "O sùn."

"Rárá, Bọ̀dá, mo kàn—"

"Mo ní o sùn." Wọ́n sún mọ́ ọn. "Láolú, sọ fún mi pé o sùn."

Ọkọ mi wo èmi, ó wo gbogbo orí tó kún ẹnu ọ̀nà. Kò mọ̀ pé òun ti kú láti ọ̀sán. Ó ní, "Mo sùn, Bọ̀dá."

"Ṣé o sùn dáadáa?"

"Mo sùn dáadáa."

Bọ̀dá fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n ní, "Máa sùn. Jọ̀ọ́, Láolú, máa sùn."

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò gbọ́ "jọ̀ọ́" lẹ́nu Bọ̀dá Ọ̀wọ̀ rí, wọn kì í bẹ ènìyàn. Ó dájú pé ọkọ mi náà kò gbọ́ ọ rí, torí ńṣe ló ń wo ẹnu wọn. Ó ní, "Ó dáa, Bọ̀dá," òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láì tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fa ilẹ̀kùn pa dé mọ́ àwọn méjèèjì, mo lọ wo ohun tó kù tí àwọn àlejò máa jẹ.